Iná Abẹ́ Tábìlì

Ẹni tó bá ti ra àgbàdo sísun lẹ́bàá títì rí mọ àdògán. Irin àlòkù ni àwọn jórinjórin sábà máa ń fi ṣe é: wọ́n á jó ẹsẹ̀ mọ́ ọn nídìí, wọ́n á fi asẹ́ sí i láàárín, kí eérú lè máa jò bọ́ sílẹ̀, kí atẹ́gùn sì lè rí abẹ́ gbà wọlé. Abẹ̀bẹ̀ kì í jìnnà sí i. Kí eédú pọ́n kíá, kí ọbẹ̀ hó, ohun tí à ń wá lára àdògán nìyẹn.

Ní orílẹ̀-èdè Spéìn, pàápàá ní Andalusia, eédú tí kò ní tètè jó tán ni wọ́n ń wá. Àwo fífẹ̀ ni àdògán tiwọn, tí wọ́n ń pè ní brasero; idẹ tàbí bàbà ni wọ́n fi ń ṣe é, kò sì ní ihò kankan nídìí. Wọn kì í gbé ìkòkò ka orí rẹ̀. Abẹ́ tábìlì roboto ni àyè rẹ̀: pákó kan wà lábẹ́ tábìlì náà, ó ku díẹ̀ kó kan ilẹ̀, wọ́n sì lu ihò sí i tí àwo iná ń jókòó sí. Aṣọ tó nípọn á bo tábìlì dé ilẹ̀. Ní ìgbà òtútù, tẹbí tará á jókòó yí i ká, wọ́n á fa etí aṣọ náà bo itan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ránṣọ, ẹsẹ̀ wọn nínú ooru, ẹ̀yìn wọn nínú òtútù.

Ọgbọ́n tó wà nínú eérú ló wù mí jù. Àwa a máa gbọn eérú dànù kí iná lè ráyè jó. Àwọn a máa fi bo iná. Ìta ni wọ́n ti ń dáná sí eédú wẹ́wẹ́ tàbí kóró èso ólífì, títí èéfín á fi tán pátápátá, kí wọ́n tó fi eérú bò ó, kí wọ́n sì gbé e wọlé. Bí ooru bá ń lọ sílẹ̀, ẹnì kan á ká etí aṣọ sókè, á fi ṣíbí irin kékeré tí wọ́n ń pè ní badila ha eérú náà fẹ́rẹ́. Bó bá wà á jù, gbogbo eédú á ràn lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní pẹ́ kú. Àwọn mìíràn a máa wọ́n òdòdó lavender gbígbẹ lé e lórí kí yàrá lè máa ta sánsán. Ẹsẹ̀ obìnrin tó bá ń sún mọ́ ọn jù lọ́dọọdún a máa ní àpá pupa bí àwọ̀n.

Ewu tòótọ́ kò sí lára àpá yẹn. Eédú tí kò rú èéfín mọ́ ṣì ń tú carbon monoxide jáde, gáàsì tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Julian, tó di ọba Róòmù lẹ́yìn náà ní ọ̀rúndún kẹrin, fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé nígbà tí òun wà ní Párísì, wọ́n gbé ẹyin iná wọ yàrá òun, ó sì ku díẹ̀ kó pa òun kí wọ́n tó gbé òun jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àdògán wọ yàrá tí ẹ ti tì pa lásìkò ọyẹ́, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó wà níta.

Tábìlì náà ṣì wà ní Spéìn. Èyí tó ń lo iná mànàmáná ni ọ̀pọ̀ ń gbé sínú ihò rẹ̀ báyìí.