Ta Ni Yóò Jáde Dìbò?

Nígbà tí ìdìbò láti yan ààrẹ bá ń súnmọ́ tòsí ní ilẹ̀ wa, oríṣi àsọtẹ́lẹ̀ méjì ni a máa ń gbọ́. Èkíní ni ti ẹni tí yóò wọlé. Àti onígbàjámọ̀, àti ìyá alákàrà, àti awakọ̀, kò sí ẹni tí kò ní ti ẹnu rẹ̀ láti sọ nípa èyí. Èkejì ni ti iye ènìyàn tí yóò jáde dìbò. Èyí ni a kì í fi bẹ́ẹ̀ kà sí, bẹ́ẹ̀ ni inú rẹ̀ gan-an ni èkíní ti ń jáde. Ẹni tí kò bá mọ iye àwọn tí yóò jáde, tí kò sì mọ irú ẹni tí wọn í ṣe, kò lè mọ ẹni tí yóò wọlé. Lónìí, mo fẹ́ kí a jọ wo bí a ṣe ń ka iye náà, ìdí tí àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ fi máa ń yẹ̀, àti ohun tí ó ń dá ènìyàn dúró sílé.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Àjọ elétò ìdìbò, èyí tí a mọ̀ sí INEC, ní ìwé kan tí orúkọ gbogbo ẹni tí ó ti forúkọ sílẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bí ìdìbò bá parí, a ó ka iye ìwé ìbò tí àwọn ènìyàn jù sínú àpótí, a ó sì fi wé iye orúkọ tí ó wà nínú ìwé. Bí orúkọ bá jẹ́ 100, tí ènìyàn 60 sì dìbò, a ó ní 60 nínú 100 ni ó jáde.

Ní ìdìbò àpapọ̀ ti ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1959, èyí tí ó ṣáájú òmìnira, orúkọ tí ó wà nínú ìwé lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 9. Àwọn tí ó dìbò lé ní mílíọ̀nù 7, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 80 nínú 100. Àwọn obìnrin ilẹ̀ Àríwá kò tilẹ̀ tíì ní ẹ̀tọ́ láti dìbò nígbà náà. Ní ọdún 2003, 69 nínú 100 ni a kéde fún ìdìbò ààrẹ. Ní 2011, ó di 54. Ní 2015, ó di 44. Ní 2019, ó di 35. Nígbà tí ó fi máa di ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023, kò ju 27 lọ.

Ẹ má jẹ́ kí a yára sọ pé ọ̀lẹ ni àwọn ènìyàn ìsinsìnyí. Àwọn tí wọ́n ṣe alákìíyèsí ìdìbò 2003 ròyìn pé ní ibi púpọ̀ ni àwọn kan ti ń ki ìwé ìbò bọ inú àpótí fún ẹni tí kò wá. Láti 2015 ni ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ káàdì wò kí ènìyàn tó dìbò, nígbà tí ó sì di 2023, ẹ̀rọ BVAS ń wo ìka tàbí ojú olùdìbò fúnra rẹ̀. Nítorí náà, apá kan nínú èrò tí a rò pé ó dínkù, wọn kò wá rí. Ṣùgbọ́n èyí kò lè mú wa sùn. Bí a bá yọ ti ayédèrú kúrò, èyí tí ó kù ṣì kéré jọjọ.

Ẹ jẹ́ kí a gbé e wá sí àdúgbò wa kí ó lè yé wa dáradára. Iye orúkọ tí ó wà nínú ìwé ní 2023 jẹ́ 93,469,008. Ibùdó ìdìbò jẹ́ 176,846. Bí a bá pín àwọn orúkọ náà dọ́gba, nǹkan bí 528 ni yóò kan ibùdó kọ̀ọ̀kan. Ẹ fojú inú wò ó pé abẹ́ igi ọdán tí ó wà níwájú ilé yín ni ibùdó náà wà. Nínú àwọn 528 yìí, 493 ti lọ gba káàdì ìdìbò wọn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìdìbò, 141 péré ni ó dìbò. Nǹkan bí 50 nínú wọn dìbò fún Bola Tinubu, ẹni tí INEC kéde pé ó wọlé. Nǹkan bí 40 dìbò fún Atiku Abubakar, nǹkan bí 35 sì dìbò fún Peter Obi. Ìyókù pín sí ọ̀dọ̀ àwọn yòókù, tàbí kí ìwé wọn bàjẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ mú 141 kúrò nínú 528. Ó ku 387. Àwọn 387 yìí ni kò dìbò, 352 nínú wọn ni káàdì sì wà lọ́wọ́ wọn. Ẹni kìíní fi nǹkan bí ènìyàn 10 ju ẹni kejì lọ ní abẹ́ igi ọdán náà. Bí ó bá jẹ́ pé ìdílé méjì péré nínú àwọn tí ó jókòó sílé ni ó dìde, ọ̀rọ̀ ì bá lè yí padà. Èmi kò sọ ìhà tí ì bá yí sí, nítorí n kò mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, nítorí pé àwọn tí a fẹ́ bi léèrè kò fọhùn.

Èyí ni ó mú kí àsọtẹ́lẹ̀ nípa ìdìbò le. Kí ìdìbò 2023 tó dé, gbogbo àmì ni ó ń fi hàn pé èrò yóò pọ̀. Orúkọ tuntun tí ó wọ inú ìwé tó mílíọ̀nù 9 àti ààbọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 18 sí 34 lé ní mílíọ̀nù 37, èyí tí ó tó nǹkan bí 40 nínú gbogbo 100. Àwọn ènìyàn tò fún wákàtí púpọ̀ láti gba káàdì, títí iye káàdì tí wọ́n gbà fi lé ní mílíọ̀nù 87. Ẹni tí ó rí gbogbo èyí tí ó sì sọ pé èrò yóò ya bo ibùdó ìdìbò kò ya wèrè. Síbẹ̀, nǹkan bí mílíọ̀nù 25 ni ó dìbò, èyí tí ó dín sí ti 2019, nígbà tí orúkọ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Kí ni ó ṣe tí àmì náà fi tan àwọn ènìyàn jẹ? Àkọ́kọ́, gbígba káàdì kì í ṣe ìdìbò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń gba káàdì kí wọ́n lè fi ṣe ẹ̀rí irú ẹni tí wọ́n jẹ́ ní báńkì tàbí ní ibòmíràn. Èkejì, bí a bá bi ènìyàn léèrè pé, “Ṣé ẹ ó dìbò?” ojú máa ń tì í láti sọ pé rárá. Ẹni tí ó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni lè má purọ́; ó ní in lọ́kàn ní ọjọ́ náà ni, ṣùgbọ́n òjò, ìrìn àjò, tàbí ẹ̀rù lè yí i lọ́kàn padà ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdìbò. Nítorí èyí, àwọn olùwádìí tí ó gbọ́n kì í sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ilé-iṣẹ́ Stears, tí ó wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn olùdìbò kí ìdìbò 2023 tó dé, sọ pé bí èrò bá jáde púpọ̀, Peter Obi ni yóò borí, ṣùgbọ́n bí èrò bá kéré, Bola Tinubu ni. Ẹ ò rí i pé àwọn tí ó jókòó sílé wà nínú ìṣirò wọn, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó jáde ti wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ìwé orúkọ fúnra rẹ̀ kò mọ́ tónítóní. Orúkọ òkú wà nínú rẹ̀. Orúkọ àwọn tí ó ti rìn lọ sí òkè òkun wà nínú rẹ̀. Ní 2011, orúkọ tí ó wà níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 73. Nígbà tí INEC fi ẹ̀rọ yẹ àmì ìka wò, tí wọ́n yọ àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ìwé ti 2015 kò ju mílíọ̀nù 67 àti díẹ̀ lọ. Ẹ wo ohun tí èyí lè ṣe sí ìṣirò. Bí ènìyàn 40 bá dìbò nínú orúkọ 100, a ó ní ó kéré sí ìdajì. Ṣùgbọ́n bí 20 nínú orúkọ náà bá jẹ́ ti òkú àti ti ẹni tí kò sí nílé mọ́, 40 nínú 80 ni ó jáde, ìyẹn ìdajì géérégé.

Ìyẹn ni ti àwọn tí kò sí. Àwọn tí ó wà láàyè, tí wọ́n sì wà nílé ńkọ́? Ọ̀nà mẹ́ta ni mo pín wọn sí. Àwọn kan wà tí kò bìkítà rárá. Ọjọ́ ìsinmi ni ọjọ́ ìdìbò jẹ́ fún wọn. Àwọn kan fẹ́ dìbò, ṣùgbọ́n ọ̀nà dí mọ́ wọn. Òfin ni pé ibi tí ènìyàn ti forúkọ sílẹ̀ ni yóò ti dìbò. Ẹni tí ó forúkọ sílẹ̀ ní Ṣùúrùlérè, tí ó wá kó lọ sí Ìkòròdú, báwo ni yóò ṣe débẹ̀ ní ọjọ́ tí a ní kí ọkọ̀ má rìn? Ní 2021, iye ibùdó ìdìbò kúrò ní 119,973, ó di 176,846. Èyí dára, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn dé ibùdó wọn àtijọ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé wọ́n ti gbé orúkọ wọn lọ sí ibòmíràn. Nínú oṣù Kejì ọdún 2023 náà ni owó náírà ṣọ̀wọ́n nítorí pípààrọ̀ owó, tí epo bẹntiró sì wọ́n. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, orúkọ lé ní mílíọ̀nù 7, àwọn tí ẹ̀rọ sì yẹ̀ wò ní ọjọ́ náà kò tó méjì nínú mẹ́wàá.

Ọ̀nà kẹta ni ti àwọn tí ọkàn wọn ti rẹ̀wẹ̀sì. Wọn a máa sọ pé, “Bí mo dìbò, bí n kò dìbò, ohun tí ó wù wọ́n ni wọn yóò kọ.” Ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ní 2019, ilẹ̀ ọjọ́ ìdìbò kò tíì mọ́ nígbà tí INEC kéde pé wọ́n ti sún un síwájú fún ọ̀sẹ̀ kan, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ti náwó rìnrìn àjò dé ìlú wọn. Ní 2023, àwòrán èsì ìbò ààrẹ tí INEC ṣèlérí pé yóò hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò hàn ní àkókò. Ẹni tí ó bá rí irú èyí, tí ọkàn rẹ̀ sì bàjẹ́, ó ní ẹjọ́ láti rò.

Ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè kan láti bi í. Ta ni ìjókòó rẹ̀ sílé dùn mọ́? Gbogbo wa mọ òwò tí àwọn ènìyàn ń pè ní “dìbò kí o sebẹ̀”. Ẹ padà sí abẹ́ igi ọdán wa. Bí ènìyàn 500 bá jáde, owó ẹni tí ó fẹ́ ra ìbò kò ní ká wọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ 141 ni ó jáde, tí àlàfo ẹni kìíní sí ẹni kejì sì jẹ́ 10, ẹni mẹ́wàá péré ni ó nílò. Àìjáde wa ni ó sọ ọjà rẹ̀ di ọ̀pọ̀. Àwọn àgbà ní àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Ẹni tí inú ń bí sí èrú, tí ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ra, èrú náà ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún.

Kí ni kí a wá ṣe? Ẹ wo ibi tí orúkọ yín wà nísinsìnyí, ẹ má dúró di òru ọjọ́ ìdìbò. Bí ẹ bá ti kó kúrò ní ibi tí ẹ ti forúkọ sílẹ̀, ẹ béèrè fún ìpààrọ̀ ibùdó ní ọ́fíìsì INEC nígbà tí ìforúkọsílẹ̀ bá ń lọ lọ́wọ́. Bí wọ́n bá lẹ ìwé orúkọ síta kí aráyé lè yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ lọ wò ó, bí orúkọ òkú ilé yín bá wà níbẹ̀, ẹ sọ ọ́. Ní ọjọ́ náà, ẹ má dá lọ. Ẹ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò, kí ẹ jọ lọ, kí ẹ sì jọ dúró títí a ó fi ka ìbò níṣojú yín, nítorí òfin gbà yín láàyè láti wo kíkà rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ kò tíì pé ọdún 18, iṣẹ́ tiyín náà wà. Ẹ bi bàbá àti ìyá yín léèrè ní alẹ́ òní pé, “Níbo ni ibùdó ìdìbò yín wà?” Bí wọn kò bá lè dáhùn, ẹ ti mọ ọ̀kan nínú àwọn 387 nìyẹn. Ẹ bá wọn wá a.