Jẹ́ẹ̀lì tó ń mu omi sílẹ̀ lára oògùn láìfi iná kàn án

Ẹni tó bá fẹ́ kí ọbẹ̀ òun ki, iná ni yóò fi sí i títí omi rẹ̀ yóò fi fà. Ọgbọ́n yìí kò ṣe é lò fún omi tí purotéènì wà nínú rẹ̀. Ohun tí omi gbígbóná ń ṣe fún funfun ẹyin náà ni iná yóò ṣe fún un: yóò dì, kò sì ní í padà sí bó ṣe wà mọ́. Bẹ́ẹ̀, purotéènì ni ọ̀pọ̀ oògùn òde òní, inú omi rẹpẹtẹ ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ ń mú un jáde. Bí omi náà yóò ṣe kúrò tí oògùn kò ní í bàjẹ́ ni iṣẹ́ wà.

Ní ọdún 1987, Freitas àti Edward Cussler ti Yunifásítì Minnesota, ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé jáde lórí ọ̀nà kan. Jẹ́ẹ̀lì ni wọ́n lò, ohun tó rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, tí àwọn fọ́nrán tín-ín-rín inú rẹ̀ so kọ́ra bí àwọ̀n. N-isopropylacrylamide ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n fi ṣe é. Orúkọ náà le ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìwà jẹ́ẹ̀lì yìí yàtọ̀. Nínú omi tútù, ó ń mu omi, ó sì ń wú. Bí ooru bá ti kọjá nǹkan bíi dígírì 33, tí kò tilẹ̀ tó ooru ara ènìyàn, yóò súnkì, yóò sì pọ omi náà jáde. Ohun tó fà á ni pé omi a máa lẹ̀ mọ́ àwọn fọ́nrán náà nígbà tí ó bá tutù. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, omi a tú kúrò, àwọn fọ́nrán a sì dì mọ́ ara wọn.

Nítorí náà, wọn a da jẹ́ẹ̀lì tó ti súnkì sínú omi purotéènì tútù. Omi àti iyọ̀ yóò wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n purotéènì tóbi ju ojú àwọ̀n lọ, ìta ni yóò wà. Bí jẹ́ẹ̀lì bá mu ìdajì omi náà, èyí tó kù yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ ki ní ìlọ́po méjì. Wọn a wá sẹ́ jẹ́ẹ̀lì kúrò, wọn a mú un gbóná lọ́tọ̀ kí ó lè pọ omi rẹ̀, wọn a sì tún un lò. Jẹ́ẹ̀lì nìkan ni ooru kàn. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n náà wà.

Àléébù rẹ̀ kò kéré. Purotéènì díẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ ara hóró jẹ́ẹ̀lì. Bí wọ́n bá sì fi omi ṣàn án, omi tí wọ́n ń sá fún ni wọ́n tún dá padà. Purotéènì tó bá kéré jù lè bá omi wọlé. Hóró tó bá fi ìlọ́po méjì tóbi ju èkejì lọ yóò gba ìlọ́po mẹ́rin àkókò kí ó tó wú tán, bẹ́ẹ̀ èyí tó bá kúnná jù kò rọrùn láti sẹ́.

Abájọ tó fi jẹ́ pé awọ asẹ́ ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ṣì ń lò, tí wọ́n ń fi agbára ẹ̀rọ ti omi gbà á kọjá, bí ìgbà tí a gbé òkúta lé àpò ẹ̀gẹ́ lílọ̀. Ojú asẹ́ náà a máa dí, a sì máa fẹ́ fífọ̀ lemọ́lemọ́. Ní ti jẹ́ẹ̀lì, abọ́, asẹ́ àti omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ti tó o.