Ajá Ọdẹ àti Ilẹ̀ Tí Ó Yẹ fún Ìṣọdẹ

Àwọn àgbà a máa wí pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ọlọ́rí-kunkun ni a sábà máa ń fi òwe yìí bá wí, ajá ni ó sì ń ru gbogbo ẹ̀bi inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ọ̀ràn àwọn ajá tí ń sọnù nínú igbó agbègbè Àkúrẹ́ àti Oǹdó dáadáa, a ó rí i pé ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ajá nìkan. Ajá wà tí ó gbọ́ fèrè kedere, ṣùgbọ́n tí pàkúté ti di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Òmíràn wà tí ó ti ń bọ̀ kí ọkọ̀ tó pa á lójú títì. Ohun tí ó ṣe irú àwọn ajá bẹ́ẹ̀ ni pé olówó wọn tú wọn sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀.

Kì í ṣe ajá nìkan ni ọmọ aráyé ń kọ́ ní iṣẹ́ ọdẹ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, olè tí ń gbé ọmọ adìyẹ ni a mọ àṣá sí. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Lárúbáwá, ní àárín gbùngbùn Éṣíà àti ní apá kan ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn ènìyàn ti ń tọ́ àṣá láti ìgbà láéláé, tí wọ́n sì ń fi í pa ehoro àti àwọn ẹyẹ mìíràn. Ní ọdún 2010, àjọ UNESCO ka iṣẹ́ yìí mọ́ àwọn àṣà tí ó jẹ́ ogún gbogbo ọmọ ènìyàn. Àwọn ọlọ́dẹ àṣá a máa so ṣaworo kékeré mọ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ wọn, gẹ́gẹ́ bí ọdẹ Yorùbá ti ń so ṣaworo mọ́ ọrùn ajá, kí wọ́n lè mọ ibi tí ó wà. Kí wọ́n tó tú u sílẹ̀, wọn a kọ́kọ́ wá pápá gbalasa tí ojú lè ríran jìnnà, tí kò sí wáyà iná mànàmáná tí ẹyẹ lè bà lé kí ó kú, tí kò sì sí ẹyẹlé tàbí adìyẹ aládùúgbò nítòsí. Ẹ̀dá tí a kọ́ ní ọdẹ, ìbáà ṣe abìyẹ́ tàbí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ẹran nìkan ni ó mọ̀. Kò mọ ààlà. Ẹni tí ó tú u sílẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ bá a mọ̀ ọ́n.

Ilẹ̀ agbègbè Àkúrẹ́ àti Oǹdó kì í ṣe oríṣi kan. Ẹgàn wà níbẹ̀, oko kòkó wà, àwọn àpáta ńláńlá wà ní ìhà Ìdànrè, ilẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ fi sílẹ̀ kí ó sinmi sì wà pẹ̀lú. Irú ilẹ̀ ìkẹyìn yìí ni ó dára jù fún ajá. Koríko àti igbó kékeré ni ó máa ń hù níbẹ̀, níbẹ̀ ni ọ̀yà sì fẹ́ràn láti máa gbé. Ọdẹ lè máa gbọ́ ìró ṣaworo ajá rẹ̀, kì í sì í ṣòro láti tọ ipasẹ̀ rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí ọdẹ gbọ́dọ̀ wádìí ni ẹni tí ó ni ilẹ̀. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Síbẹ̀ ìdílé àti àgbẹ̀ tí ń ro ilẹ̀ ni ènìyàn ń bá pàdé lóko. Pèrègún àti akòko tí a gbìn sí ààlà kì í dá ajá dúró, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó dá olówó ajá dúró kí ó béèrè ọ̀nà. Ọdẹ tí ó mọ iṣẹ́ a máa lọ kí baálẹ̀ àti olórí àwọn ọdẹ ibẹ̀ ṣáájú. Kì í ṣe nítorí ọ̀wọ̀ nìkan ni. Àwọn wọ̀nyí ni ó mọ ibi tí ìgbẹ́ èèwọ̀ wà, ibi tí àgbẹ̀ ń sin ewúrẹ́, àti ibi tí ọdẹ mìíràn ń lọ ní ọjọ́ kan náà.

Igbó ìjọba tún wà, irú bí ti Àkúrẹ́, Àkúrẹ́-Òfosù, Ìdànrè, Ọ̀wọ̀ àti Olúwa. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wọ ibẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn aṣọ́gbó. Ìdànrè wà lára ibi díẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà tí ìnàkí kù sí. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1985 dáàbò bo ìnàkí, erin àti àwọn ẹranko mìíràn tí ń tán lọ. Ajá kò lè ka òfin; bí ó bá lé ọmọ ìnàkí, ọdẹ ni yóò jẹ́jọ́.

Ohun kejì ni ohun tí a dẹ sílẹ̀. Àgbẹ̀ tí ọ̀yà ń jẹ ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo rẹ̀ kì í káwọ́ gbera. Ẹbìtì tí ń pa eku kò lè pa ajá, ṣùgbọ́n pàkúté onírin lè gé ẹsẹ̀ rẹ̀, okùn tí a dẹ sí ojú ọ̀nà ẹran sì lè fún un lọ́rùn. Èyí tí ó burú jù ni ìbọn tí a dẹ, nítorí kò mọ ẹran yàtọ̀ sí ajá, kò sì mọ ajá yàtọ̀ sí ènìyàn. Àwọn mìíràn a tún máa fi oògùn apakòkòrò po oúnjẹ sílẹ̀ de ẹran. Ajá tí ó bá jẹ ẹ́ yóò kú, ẹran tí ó bá sì ti ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kú léwu fún ènìyàn láti jẹ. Nínú oko kòkó pàápàá, omi òjò a máa dúró sínú agolo oògùn tí a sọ nù, ajá tí òùngbẹ ń gbẹ kò sì ní wòye kí ó tó lá a.

Ohun kẹta ni ìró. Bí ọdẹ bá fọn fèrè ní ẹ̀bá àpáta Ìdànrè, gbohùngbohùn yóò dáhùn láti ìhà mìíràn, ajá yóò sì máa wá olówó rẹ̀ níbi tí kò sí. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀bá títì Àkúrẹ́ sí Oǹdó tàbí ti Oǹdó sí Oré ni, ariwo ọkọ̀ yóò bo fèrè mọ́lẹ̀. Ajá tí ń lé ọ̀yà kì í wo ọ̀tún wo òsì kí ó tó sọdá.

Ohun kẹrin ni àwọn ènìyàn tí ó wà nínú igbó. Ní ọjọ́ 18 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 2021, Gómìnà Rótìmí Akérédolú pàṣẹ pé kí àwọn darandaran tí ó wà nínú igbó ìjọba láìgbàṣẹ kúrò níbẹ̀ láàárín ọjọ́ 7, nítorí ìjínigbé. Ní ọdún 2020 ni ìpínlẹ̀ Oǹdó ti dá ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀, àwọn ọdẹ sì wà nínú rẹ̀. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, a lè fi ojú ọ̀daràn wo àlejò tí ó gbé ìbọn jáde láti inú igbó, òun náà sì lè ko ọ̀daràn gidi. Nítorí náà, ọlọgbọ́n ọdẹ kì í dá lọ; a sì máa sọ ibi tí òun ń lọ àti ìgbà tí òun yóò dé fún àwọn ará ilé.

Lẹ́yìn gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí, ẹsẹ̀ ni a fi ń mọ ilẹ̀. Ọdẹ yóò kọ́kọ́ rin ibẹ̀ yíká ní ojú ọ̀sán láìmú ajá lọ́wọ́. Yóò wo ojú ọ̀nà ẹran, yóò wá okùn àti pàkúté, yóò mọ ibi tí omi mímu wà àti bí títì ti jìnnà tó. Ní ọjọ́ kejì ni yóò tó mú àgbà ajá kan wá pẹ̀lú ọmọ ajá, kí èyí tí ó gbọ́n lè máa ṣíwájú. Òwúrọ̀ kùtù ni ó dára, nígbà tí ìrì kò tíì gbẹ tí òórùn ẹran ṣì wà nílẹ̀. Ajá náà sì gbọ́dọ̀ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, nítorí ó lè bá ẹran tí ó ní àrùn náà jà, kí ó sì gbé ikú wá fún àwọn ọmọdé ilé.

Ó máa ń gba àkókò láti kọ́ ajá kan kí ó tó mọ fèrè, ìṣẹ́jú kan péré lórí ilẹ̀ búburú sì tó láti pàdánù rẹ̀. Òtítọ́ ni òwe àwọn àgbà. Ajá olórí-kunkun wà. Ṣùgbọ́n ọdẹ tí ó bá fẹ́ di ẹ̀bi ru ajá rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bí òun ti mọ ilẹ̀ náà kí òun tó tú u sílẹ̀.