Ẹgbẹ́ Àwọn Onífọ́tò

Ní ọdún 2001, àwọn ọ̀dọ́ onífọ́tò kan ní Èkó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Depth of Field ni orúkọ rẹ̀. Wọn a máa kó fọ́tò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà jọ, wọn a sì jọ yẹ̀ wọ́n wò. Ẹnì kan lè sọ pé ìmọ́lẹ̀ kò tó. Ẹlòmíràn lè sọ pé ojú ènìyàn kò hàn. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Irú àyẹ̀wò yìí ṣe pàtàkì, nítorí fọ́tò máa ń pa ìtàn mọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, ìjọba wó àwọn ìsọ̀ tí ó dí ọ̀nà ní Òṣòdì. Inú fọ́tò nìkan ni a ti lè rí wọn lónìí. Bí fọ́tò náà kò bá hàn kedere, kí ni ọmọ tí a kò tíì bí nígbà náà yóò rí?