Bí Ìrìnàjò Bá Yẹ̀: Ẹ̀tọ́ Yín Lórí Owó Tíkẹ́ẹ̀tì Ọkọ̀ Ojú Irin

Ẹ̀yin olùgbé Ìpínlẹ̀ Èkó, ọ̀pọ̀ nínú yín ni irú ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ sí rí. Ìyá kan ra tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin fún ara rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ láti lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ ní Ìbàdàn. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, ibà dá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà dùbúlẹ̀. Ìrìnàjò kò ṣeé ṣe mọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì wà nínú fóònù, owó sì ti kúrò lápò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò kàn ní, "Owó ti lọ nìyẹn," tí wọn yóò sì gbé ọ̀rọ̀ náà tì.

Èrò yẹn kò bá òfin mu. Òfin orílẹ̀-èdè yìí fún ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ní ẹ̀tọ́ láti wọ́gi lé e, ó sì fún un ní ẹ̀tọ́ láti béèrè owó rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ tó sanwó fún kò bá wáyé bó ṣe yẹ. Àmọ́ ẹ̀tọ́ yìí kì í dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ohun méjì ló ń gbé e ró: bí ẹ ṣe tètè fi ọ̀rọ̀ náà tó ilé-iṣẹ́ létí, àti ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ yín. Ìdí nìyí tí a fi ṣe àlàyé yìí fún yín.

Ọkọ̀ wo ni ọ̀rọ̀ yìí kàn?

Oríṣi ọkọ̀ ojú irin méjì ni ọ̀pọ̀ èrò ń wọ̀ ní ìpínlẹ̀ wa, ètò owó wọn sì yàtọ̀ síra.

Èkíní ni ọkọ̀ inú ìlú tó wà lábẹ́ LAMATA, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ètò ìrìnnà. Blue Line, tó ń ná Marina sí Mile 2, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Red Line, tó ń ná Agbádó sí Ọ̀yìngbò, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Káàdì Cowry ni a fi ń sanwó níbẹ̀. A kì í gba ìjókòó sílẹ̀ de ọjọ́ iwájú lórí ọkọ̀ wọ̀nyí. Bí ẹ kò bá lè jáde lónìí, owó yín ṣì wà lórí káàdì fún ọjọ́ mìíràn, ẹ sì tún lè fi wọ bọ́ọ̀sì BRT. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì kankan tí ẹ nílò láti wọ́gi lé.

Èkejì ni ọkọ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí Ilé-iṣẹ́ Rélùwéè Nàìjíríà, tí a mọ̀ sí NRC, ń bójú tó lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ojú irin náà gùn ní kìlómítà 157. Ààrẹ Muhammadu Buhari ló ṣí i ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2021, ní ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson tó wà ní Ẹ̀bùtè Mẹ́tta. Ó gba Agége, Agbádó, Papaláńtò àti Abẹ́òkúta kọjá kó tó dé Mọ́níyà ní Ìbàdàn. Lórí ọkọ̀ yìí, èrò máa ń yan ọjọ́, wákàtí àti irú ìjókòó tó fẹ́, yóò sì sanwó kí ọjọ́ tó pé. Òun ni àlàyé wa dá lé.

Ohun tí òfin sọ

Òfin tó jẹ́ òpó fún ọ̀rọ̀ yìí ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 lórí ìdíje òwò àti ààbò àwọn oníbàárà, èyí tí Ààrẹ bu ọwọ́ lù ní oṣù Kínní ọdún 2019. Abala méjì nínú rẹ̀ ló yẹ kí gbogbo èrò ọkọ̀ mọ̀.

Abala 120 sọ pé ẹni tó bá ti gba ààyè sílẹ̀ tàbí tó ti sanwó ṣáájú fún ọjà tàbí iṣẹ́ kan ní ẹ̀tọ́ láti wọ́gi lé e. Ẹni tó ń ta iṣẹ́ náà lè yọ owó díẹ̀ nítorí ìwọ́gilé, ṣùgbọ́n owó náà gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n.

Abala 130 sọ pé ẹni tó sanwó fún iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n ṣe é lásìkò. Bí ìdádúró tí kò ṣeé yẹ̀ bá sì wà, ó ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n tètè sọ fún un. Bí iṣẹ́ náà kò bá kúnjú òṣùwọ̀n, ó lè ní kí wọ́n tún un ṣe, tàbí kí wọ́n dá apá kan owó rẹ̀ padà gẹ́gẹ́ bí àṣìṣe náà ṣe tó.

Kí ni owó tó mọ níwọ̀n? Ẹ wò ó báyìí. Bí ẹ bá sọ fún ilé-iṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, àyè wà fún wọn láti ta ìjókòó yín fún ẹlòmíràn, àdánù wọn kò sì tó nǹkan. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ọkọ̀ ti fọn fèrè ni ẹ tó sọ, ìjókòó náà yóò ṣófo lọ dé Mọ́níyà. Kò sí bí ọ̀rọ̀ ẹni àkọ́kọ́ àti ti ẹni kejì ṣe lè rí bákan náà. Nítorí náà, gbàrà tí ẹ bá ti mọ̀ pé ẹ kò ní lè lọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kí ẹ tó sọ ọ́.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni kò lè lọ mọ́

Kí ẹ tó sanwó rárá, ẹ ka ìlànà tó wà lórí ojú ewé tí ẹ ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì tàbí èyí tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ohun tí ilé-iṣẹ́ sọ nípa ìwọ́gilé lákòókò yẹn. Nígbà tí ìrìnàjò bá yẹ̀, ẹ béèrè ohun méjì lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ wọn: ṣé a lè sún ọjọ́ náà síwájú? Bí kò bá ṣeé ṣe, èló ni ẹ ó dá padà, èló sì ni ẹ ó yọ? Fún ẹni tó ṣì ń lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, sísún ọjọ́ lè rọrùn ju dídúró de owó lọ.

Ẹ má ṣe ta tíkẹ́ẹ̀tì náà fún ẹlòmíràn ní ibùdókọ̀ kí owó lè tètè wọlé. Orúkọ yín ló wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ èrò. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin ni wọn yóò máa wá, ẹbí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ gan-an kò sì ní mọ ibi tí ó wà. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Lẹ́yìn tí àwọn agbébọn kọlu ọkọ̀ Àbújá sí Kàdúná ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2022, nígbà tí ọkọ̀ náà padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN di dandan fún ẹni tó bá fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Bí ọkọ̀ kò bá gbéra, tàbí tí kò dé ibi tó ń lọ

Níhìn-ín, ẹ̀yin kọ́ ni ẹ wọ́gi lé ìrìnàjò, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni yọ owó ìwọ́gilé lára owó yín. Bí ọkọ̀ kò bá lọ rárá, gbogbo owó yín ni kí ẹ béèrè. Bí ó bá lọ ṣùgbọ́n tó pẹ́ kọjá ààlà, tàbí tí ó dúró sójú ọ̀nà, ẹ béèrè apá tó bá ìyà tó jẹ yín mu, gẹ́gẹ́ bí abala 130 ṣe là á sílẹ̀.

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun. Nígbà tí ọkọ̀ tó ń ti Àbújá lọ sí Kàdúná yẹ̀ kúrò lójú irin ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2025, NRC fúnra rẹ̀ kéde pé òun yóò dá owó tíkẹ́ẹ̀tì padà fún àwọn èrò tó wà nínú rẹ̀.

Bí báńkì bá yọ owó, tí tíkẹ́ẹ̀tì kò sì jáde

Èyí wọ́pọ̀ púpọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má ṣe sáré sanwó lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ kọ́kọ́ wo ímeèlì àti àtẹ̀jíṣẹ́ yín bóyá tíkẹ́ẹ̀tì ti wọlé. Bí kò bá sí níbẹ̀, báńkì yín ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Ìlànà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé jáde ní ọdún 2020 sọ pé kí àwọn báńkì yanjú owó tó há lórí PoS tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín wákàtí 72. Ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn yín lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì kọ ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ fi sùn wọ́n sílẹ̀.

Bí ẹ bá rà á lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́

Nígbà ọdún, àwọn kan máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì pa mọ́, wọn yóò sì máa tà á lówó gegere. Ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ wọn kò ní rísíìtì, orúkọ rẹ̀ kò sí lórí tíkẹ́ẹ̀tì, ilé-iṣẹ́ kò sì mọ̀ pé ó sanwó. Bí ìrìnàjò bá yẹ̀, kò rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti gbà á sílẹ̀. Ojú òpó ilé-iṣẹ́ tàbí inú ibùdókọ̀ nìkan ni kí ẹ ti máa rà á.

Bí ẹ ṣe máa béèrè owó yín

Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kò tó. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tàbí kí ẹ mú un lọ sí ibùdókọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n bu ọwọ́ lu ẹ̀dà kan fún yín. Kí àwọn nǹkan wọ̀nyí wà nínú rẹ̀:

1. Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù tí ẹ fi ra tíkẹ́ẹ̀tì.
2. Nọ́ńbà tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, ọjọ́, wákàtí, ibi tí ẹ ti fẹ́ wọkọ̀ àti ibi tí ẹ ń lọ.
3. Iye owó tí ẹ san àti ọ̀nà tí ẹ gbà san án, pẹ̀lú rísíìtì tàbí àkọsílẹ̀ báńkì.
4. Ohun tó ṣẹlẹ̀, ní ìlà méjì tàbí mẹ́ta, àti ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ fi tó wọn létí.
5. Iye owó tí ẹ ń béèrè àti àkáǹtì tí ẹ fẹ́ kó wọ̀.

Ẹ ya àwòrán tíkẹ́ẹ̀tì àti ìkéde èyíkéyìí tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ibùdókọ̀. Ẹ má ṣe pa àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ́ títí owó yóò fi wọlé. Ẹ má sì sọ nọ́ńbà àṣírí káàdì yín fún ẹnikẹ́ni tó bá pè pé òun fẹ́ dá owó tíkẹ́ẹ̀tì padà. Ẹni tó fẹ́ sanwó fún yín kò nílò rẹ̀.

Bí wọn kò bá dá yín lóhùn

Abala 146 nínú òfin kan náà fi àyè sílẹ̀ fún oníbàárà láti gbé ẹ̀sùn rẹ̀ lọ bá ilé-iṣẹ́ náà, àjọ tó ń darí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tàbí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà. Nítorí pé ìjọba àpapọ̀ ló ni NRC, FCCPC ni ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Bí ó bá jẹ́ aṣojú tàbí oníṣòwò kan níhìn-ín ní Èkó ló tà á fún yín, LASCOPA, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ wa fún ààbò oníbàárà, wà fún yín. Òfin náà fi ọ̀nà ilé-ẹjọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú, àmọ́ ẹ bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gba ọ̀nà yẹn, nítorí pé ẹjọ́ tí a bá pe ilé-iṣẹ́ ìjọba ní ìlànà tirẹ̀.

Lóòótọ́, owó tíkẹ́ẹ̀tì kan lè má tó nǹkan lójú ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ lè tó owó oògùn ọmọ tó ń ṣàìsàn. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Bí ìrìnàjò yín bá yẹ̀, ẹ tètè sọ̀rọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ pa ẹ̀rí mọ́, kí ẹ sì béèrè ohun tó jẹ́ tiyín.