Kí Ẹ Tó To Búlọ́ọ̀kù Àkọ́kọ́, Ẹ Yẹ Pláànù Ilé Wò

Ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ àti owó kúráǹtì la fẹ́ sọ lónìí.

Ẹ wo irú ilé tó pọ̀ ládùúgbò wa ní Adewui: páànù lórí, kò sí àjà lábẹ́ rẹ̀, fèrèsé dígí ńlá sì kọjú sí ibi tí oòrùn ń wọ̀. Tó bá di oṣù kẹta, ògiri tó ti mu oòrùn lọ́sàn-án á máa tú ooru sílẹ̀ lóru. Ọmọ ò ní lè sùn, ooru á sú sí i lára. Fáànù á máa yí títí ilẹ̀ á fi mọ́, Cash Power á sì máa jẹ owó ọjà. Pláànù ilé ló fa gbogbo rẹ̀.

Ìdí nìyí táwọn ìjọba fi ń fẹ́ ká yẹ pláànù wò ṣáájú, bóyá ilé náà ò ní jẹ iná jù. Nàìjíríà gbé ìlànà tirẹ̀ jáde ní 2017. Ní 2020, UEMOA, ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè 8 tó ń ná sẹ́fà, tí Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ wà nínú rẹ̀, náà gbé àṣẹ jáde lórí ilé kíkọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ti Nàìjíríà ṣe ìṣirò, torí ó rọrùn.

Àkọ́kọ́, fèrèsé. Kò gbọdọ̀ ju ìdá 20 nínú 100 ògiri lọ, àfi tí nǹkan bá ṣíji bò ó. Ògiri tó gùn ní mítà 10, tó ga ní mítà 3, jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 30. Fèrèsé rẹ̀ ò gbọdọ̀ ju 6 lọ.

Èkejì, gílóòbù. Wáàtì 6 ni fún mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan nínú ilé gbígbé. Yàrá mítà 3 sí 4 jẹ́ 12, wáàtì 72 sì ni òpin rẹ̀. Gílóòbù àtijọ́ oní-60 méjì ti kọjá ìyẹn. LED oní-9 méjì? 18 péré!

Ẹ̀kẹta, òrùlé. Ó gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń dènà ooru.

Ní Lomé níbí, atẹ́gùn òkun ń ti gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn wá. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ ilé tó gùn kọjú sí gúúsù àti àríwá, kí fèrèsé wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí atẹ́gùn lè gba inú ilé kọjá.

Tí ayàwòrán ilé bá ní, "Ẹ má ṣèyọnu, a ó fi klímà sí i," ẹ bi í pé ta ni yóò máa san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ ní kó ṣe ìṣirò yìí, kó kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀, kó fi sínú fáìlì tí ẹ ó fi gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Bí àṣìṣe bá wà lórí ìwé, rọ́bà ló ń pa á rẹ́. Bó bá ti di ògiri, òòlù ni, owó yín ló sì ń wó lulẹ̀ yẹn.

Iṣẹ́ ẹgbẹ́ yín lọ́sẹ̀ yìí: kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ògiri kan àti fèrèsé rẹ̀ nílé, kí ẹ jọ ṣírò rẹ̀.