Omi Àdúgbò Yín: Ìlàlóye lórí Omíyalé àti Ọ̀dá

Bí ẹ bá gbọ́ lórí rédíò pé kí ará ìlú múra sílẹ̀ de omíyalé, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè: níbo ni omi ti ń wọ àdúgbò tiwa? Ìmọ̀ràn tó gba ẹ̀mí là n'Íbàdàn lè má wúlò rárá létí òkun Ìlàjẹ.

Ìbàdàn

Òjò tó bá rọ̀ sórí àwọn òkè Ìbàdàn kì í pẹ́ ya wọ odò Ògùnpa, Kúdẹtì àti Ọ̀nà. Lọ́jọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, Ògùnpa pa ènìyàn tó lé ní 200. Lọ́jọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún gbé ènìyàn tó lé ní 100 lọ. Oṣù kẹjọ tí a máa ń retí pé kí òjò sinmi díẹ̀ ni méjèèjì ṣẹlẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe túra sílẹ̀ nínú oṣù yẹn.

Kò sí àyè àtikó ẹrù níbẹ̀. Ẹ gbé ọmọ, ẹ fa àgbàlagbà lọ́wọ́, kí ẹ gun ibi gíga. Ẹ má ṣe wọ inú àgbàrá, ì báà má ju orúnkún lọ. Ẹ ò lè rí gọ́tà tó ṣí sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má sì fi mọ́tò là á kọjá. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ta ilẹ̀ bèbè odò fún yín, ẹ má rà á, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Ìṣẹri, Mile 12 àti Ajégúnlẹ̀ Ìkòròdú

Níhìn-ín, òjò lè má kán kí omi sì wọlé. Odò Ògùn ló ń gbé e bọ̀ láti òkè, pàápàá bí wọ́n bá ṣí omi sílẹ̀ ní dáàmù Ọyán. Ó ń rọra gòkè ni, ó sì lè jókòó fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Àyè wà láti kó ẹrù, bí ẹ bá fetí sí ìkéde NiMet, àjọ ojú ọjọ́, àti NIHSA, àjọ tó ń ṣọ́ omi odò. Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ pe 112 tàbí 767 bí omi bá ká yín mọ́lé.

Omi tó jókòó a máa da ṣáláńgá pọ̀ mọ́ kànga, ibẹ̀ ni onígbáméjì ti ń wá. Ẹ se omi kó hó dáadáa kí ẹ tó mu ún. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá bẹ̀rẹ̀, ẹ po ṣíbí ìmutíì ṣúgà 6 pẹ̀lú ìdajì ṣíbí ìmutíì iyọ̀, kí gbogbo rẹ̀ tẹ́jú, mọ́ omi mímọ́ lítà 1. Ẹ máa fún aláìsàn mu díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ó di ọ̀la.

Ayétòrò àti etíkun Ìlàjẹ

Òkun ń jẹ ilẹ̀ Ayétòrò, ìlú tí wọ́n tẹ̀dó ní 1947. Ilẹ̀ tó bá ti jẹ kì í padà bọ̀. Àwọn Ìlàjẹ ti mọ ilé kọ́ sórí òpó tipẹ́, ṣùgbọ́n ìgbì òkun ń wó òpó pàápàá. Odi etíkun àti ibùgbé tuntun ni wọ́n nílò, iṣẹ́ ìjọba sì nìyẹn, kì í ṣe ti agboolé kan. Ní tiyín, ẹ di ìwé ẹ̀rí, oògùn àti káàdì aboyún sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, kí ẹ sì ti mọ ẹbí tí ẹ ó sá tọ̀ lọ.

Òkè-Ògùn

Ní Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, ọ̀dá ni ká máa ṣọ́. Ẹ má ṣe tìtorí òjò àkọ́rọ̀ kan gbin gbogbo irúgbìn yín. Ẹ gbin àgbàdo tó ń tètè gbó, kí ẹ sì fi koríko gbígbẹ bo orí ebè iṣu.